Ìlà Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Nínú Eré Ọba Stephen

Ó ti rẹ Jerome Pask. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kó lọ o, àárẹ̀ ọgbọ̀n ọdún ni. Ìdúró ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú kọjá bàtà. Òun ló ń di ìwé eré mú ní ilé eré kan létí odò Thames, ní apá gúúsù, lódìkejì ìlú London. Bí àwọn òṣèré bá gorí ìtàgé, Jerome á dúró sẹ́yìn aṣọ títa, ìwé á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀, á yíjú sí aṣọ títa, Jerome á sì sọ ọ̀rọ̀ náà sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí èrò tó fura. Àwọn èrò a máa pàtẹ́wọ́ fún ọba, wọ́n a máa pàtẹ́wọ́ fún ẹrú ọba, àní wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ajá kan tó ṣèèṣì gorí ìtàgé lọ́jọ́ kan. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún Jerome rí. N kò ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un o, mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ìlú Ipswich ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ń fi koríko bo orí ilé fún àwọn ará abúlé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn òṣèré kan ń kọjá lọ, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń kọrin lórí àkàbà bàbá rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ṣe ayaba, ọmọ ọba, àti ìyàwó tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀, nítorí obìnrin kì í gorí ìtàgé láyé ìgbà yẹn. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ há. Ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ há títí ó fi di ohùn ọkùnrin, tirẹ̀ há, ó sì dúró síbẹ̀. Kò wúlò fún ohunkóhun mọ́ ju ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Ni wọ́n bá fún un ní ìwé dì mú. Ó fẹ́ Thomasin, obìnrin tó ń fọ ọrùn aṣọ àwọn ọlọ́lá, tó ń fi sítáàṣì mú un le gbagidi. Wọ́n bí ọmọ méjì. Àjàkálẹ̀ àrùn kó àwọn méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé.

Láti ìgbà Kérésì ni ojú Jerome ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Bó bá ṣí ìwé, àwọn lẹ́tà á kó jọ bí èéfín, wọ́n á tú ká kó tó mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ó kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru tàdáwà, ó ní omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó dì í ru fèrèsé. Ó dì í ru ọwọ́ ẹni tó kọ eré. Nígbà tí kò rí ohun tó máa dì í rù mọ́, ó pa ẹnu mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún Thomasin pàápàá. Ó mọ ẹni tó di ìwé yìí mú ṣáájú òun: nígbà tí kò lè ṣiṣẹ́ náà mọ́, ápù jíjẹrà ni bàbá náà tà lẹ́nu ọ̀nà ilé eré títí ó fi kú, àwọn tó ti ń bá a ṣe ẹgbẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkí i. Ohun tó ń ba Jerome lẹ́rù nìyẹn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni tirẹ̀ lọ.

Orí ló fi ń ṣiṣẹ́, kíkọ sì ti mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára débi tí kò nílò ojú. Bí wọ́n bá ka eré kan sí i létí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wọ ibẹ̀ nìyẹn, kò ní jáde mọ́. Ó kàn ń ṣí ìwé sílẹ̀ fún ojú ayé ni.

Àwọn òṣèré kì í rí odindi ìwé. Bébà wọ́n, àwọn tó ní ilé eré sì ń bẹ̀rù kí ẹnìkan má tà á fún ilé eré mìíràn. Nítorí náà Jerome ló ń da ọ̀rọ̀ òṣèré kọ̀ọ̀kan kọ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, á ká a, á fún un. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ló máa bá níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ máa fi parí. Wọ́n ń pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ ìpè. Bí o kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìpè rẹ, ẹnu rẹ kò gbọdọ̀ là. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, eré mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ta ló fẹ́ mọ ohun tí ẹnìkejì ń sọ? Etí ni gbogbo wọn fi ń ṣe é.

Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n ra eré tuntun, ti Ọba Stephen. Ọba àtijọ́ kan ti mú kí àwọn ìjòyè búra pé Matilda, ọmọ òun, ni yóò jọba. Bó ti kú tán, Stephen, ọmọ arábìnrin rẹ̀, sáré gba adé. Ìlú pín sí méjì, wọ́n jà fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá a: wọ́n jó oko, wọ́n jó ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ń jẹ ajá. Lápá ìparí, ọba tó ti dàgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí adé, ó gbé e sílẹ̀, ó sọ ìlà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lé e lórí. Jerome ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọba tó ọgọ́rùn-ún láyé rẹ̀, kò sí èyí tó fẹ́ràn tó èyí. Ọba inú rẹ̀ kò halẹ̀, kò ṣépè. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ìwé náà lọ sọ́dọ̀ ìjòyè tó ń yẹ eré wò lórúkọ ọbabìnrin, ó sì padà dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe é. Lambert Rudd ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń ṣe ọba, òun náà ni olórí àwọn tó ní ilé eré.

"Ẹ wá wò ó o!" ni Lambert pariwo. "Wọ́n ti bẹ́ mi lórí kí n tó gun ìtẹ́."

"Ìlà mélòó?" Gamaliel Frost ló béèrè. Alágbàṣe ni, arúgbó bíi Jerome, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni. Bíṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe nínú eré náà.

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Gbogbo ibi tí mo ti ṣí adé pátá."

"Kí Ọlọ́run bù kún wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, ìdúró lásán ni mò ń dúró bí òpó."

"Bàbá Frost, ẹ má bá mi ṣeré o. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí a bá sọ ìlà kan níbẹ̀, wọ́n á ti ilé eré yìí pa, ẹni tó sọ ọ́ á sì sùn sẹ́wọ̀n."

Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Ọbabìnrin ti darúgbó, kò bímọ, kò sì sọ ẹni tó máa jọba lẹ́yìn òun. Ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ ìtẹ́ sílẹ̀ nílé ọtí, àwọn tó ń bá a mu á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọba tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí adé lójú ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn, irú ìran bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rí lọ́sàn-án gangan.

Lambert yíjú sí Jerome. "Bàbá Pask, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ èmi àti Bàbá Frost, kí ẹ wọ́gi lé ohun tó yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ṣe é."

"Ìgbà wo ni mi ò fara balẹ̀ rí?" ni Jerome dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti fi àtàǹpàkò ka ìlà, ó mọ ibi tí ìwé Lambert ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ó fa gègé lé e dáadáa. Ó wá kan ti Gamaliel. Ọ̀rọ̀ ìpè kan péré ló yẹ kó yí padà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù kò ní sọ̀rọ̀ àfi tó bá gbọ́ "ẹni tí kò bá tíì rẹ̀, kó wá gbé e," èyí tó parí ìlà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà. Ní báyìí tí wọ́n ti yọ wọ́n, ohun tó máa gbọ́ ni "ogun yìí tó gẹ́ẹ́." Jerome fa gègé lé ti àtijọ́, ó kọ tuntun sókè rẹ̀, ó ká ìwé náà, ó sì mí kanlẹ̀. Àṣé tàdáwà ti tán lẹ́nu gègé rẹ̀. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu gègé gbígbẹ ló fi họ bébà lásán, ojú rẹ̀ kò sì lè sọ fún un pé kò sí nǹkan kan lórí bébà. Gamaliel gba ìwé rẹ̀ padà, ó rí i bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ parí sí, ó ní tòun kò yí padà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ní agogo méjì ọ̀sán, wọ́n ta àsíá sórí ilé eré. Àwọn èrò kún àgbàlá fọ́fọ́. Akọ̀wé kan láti ọ́fíìsì ìjòyè tó ń yẹ eré wò wà lókè lórí ìjókòó tìmùtìmù, ó ń jẹ páì ẹyẹlé. Crispin Vane lorúkọ rẹ̀. Eré náà lọ geere. Matilda sá lórí yìnyín, ogun jà, wọ́n mú ọba, wọ́n tú u sílẹ̀. Wọ́n dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

"Mo ti sin ọmọ, mo ti sin aya," ni Lambert sọ. "Ogun yìí tó gẹ́ẹ́."

Ó wá dákẹ́. Gamaliel náà dákẹ́, ó ya etí sílẹ̀, ó gbé ọ̀pá bíṣọ́ọ̀bù dání, ó ń retí ọ̀rọ̀ ìpè rẹ̀. Lambert wo bíṣọ́ọ̀bù, bíṣọ́ọ̀bù wo ọba. Lambert rò pé Gamaliel ti gbàgbé, ó yíjú sí aṣọ títa kí wọ́n ràn án lọ́wọ́.

Jerome rí òjìji gíga kan tó yíjú sí i. Láti ọgbọ̀n ọdún, ẹni tó bá yíjú síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo inú ìwé, èéfín ló rí. Ẹnu rẹ̀ kò dúró béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e nínú orí rẹ̀ ló jáde: "Mo ṣí i fúnra mi."

Lambert ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Jerome láti ogún ọdún, kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, bí ọmọ kì í ti í yẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ wò. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sórí kó tó rò ó.

"Mo ṣí i fúnra mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé wọ́n já a gbà. Ẹ wò ó nílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi dì í mú, n kò rántí ọjọ́ tí mo jókòó jẹun tí n kò wo ẹnu ọ̀nà…"

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Bó bá dúró ní ìlà kejì, bóyá ni, ṣùgbọ́n òṣèré tó bá ti gbọ́ tí àgbàlá dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ló lè dá a dúró? Obìnrin kan bú sẹ́kún nísàlẹ̀. Jerome fúnra rẹ̀ ń mi orí sí i lẹ́yìn aṣọ. Ìgbà tí ó dé "ẹni tí kò bá tíì rẹ̀, kó wá gbé e" ni Gamaliel fi ayọ̀ dáhùn pé, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí ọmọ Matilda jọba lẹ́yìn yín." Ní àkókò yẹn gan-an ni Jerome rántí pé wọ́n ti yọ ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lókè, Crispin Vane ti gbé páì rẹ̀ sílẹ̀.

Eré parí, àwọn èrò ń hó. Akọ̀wé náà wá sí yàrá ẹ̀yìn ìtàgé, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n kó ìwé wá. Ó yẹ ìwé ńlá tó wà lọ́wọ́ Jerome wò: wọ́n ti wọ́gi lé e. Ó yẹ ìwé Lambert wò: wọ́n ti wọ́gi lé e.

"Ọ̀gá Rudd, ìwé yín mọ́," ni ó sọ. "Ẹ mọ̀ pé wọ́n yọ ọ́, ẹ sì sọ ọ́. Kí ni kí n kọ sílẹ̀?"

Lambert wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lóyún ọmọ kẹrin lọ́wọ́. "Àṣìsọ ni," ni ó sọ.

Gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá náà ti gbọ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, bí Jerome bá dákẹ́, tara rẹ̀ ni ì bá dára, ti ẹlòmíì ni ì bá bàjẹ́. Kò níláti purọ́ pàápàá. Kó ṣá ti dúró síbẹ̀, kó di ìwé rẹ̀ mú, kí wọ́n mú Lambert lọ. Ó rántí bàbá alápù. Ẹ̀rù bà á gan-an, kì í ṣe díẹ̀.

"Èmi ni," ni Jerome sọ. "Èmi ni mo sọ ọ́ sí i létí."

Akọ̀wé yíjú. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di ìwé mú? Ẹ ò rí i pé wọ́n ti wọ́gi lé e ni?"

"Rárá, ọ̀gá. N kò rí i. N kì í rí nǹkan kan nínú ìwé mọ́."

Gamaliel ti jókòó sórí àpótí aṣọ. Ó fa ìwé tirẹ̀ yọ lábẹ́ ẹ̀wù bíṣọ́ọ̀bù. "Jerome, tèmi ńkọ́? Ǹjẹ́ ó yẹ kó yí padà?"

"Mo yí i padà. Mo kọ ọ́."

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi."

Akọ̀wé gba bébà náà, ó fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀. Ó kan ibi tí gègé gbígbẹ ti họ bébà. Ó ra á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dá a padà.

"A ti mọ̀ nípa ojú yín láti Àjíǹde, Bàbá Pask," ni Lambert sọ.

"Ẹ ti mọ̀?"

"Ta ni kò mọ̀? Ẹ bọ́ fìlà fún òpó ẹnu ọ̀nà, ẹ ní ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti rí i."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì pa á mọ́ra. Ojú ti Jerome ju bí ẹ̀rù ṣe bà á lọ. Oṣù mẹ́fà ló fi ń fi ohun tí gbogbo wọn mọ̀ pa mọ́. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Kí la fẹ́ sọ? Orí yín sàn ju ìwé lọ. A ń jẹ àǹfààní rẹ̀, a sì mọ̀."

Crispin Vane kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti rẹ òun náà, ilé eré púpọ̀ ló ń bẹ̀ wò, ìwé tó ń kọ kì í tán. Ó ní òun á kọ ọ́ pé arúgbó afọ́jú kan ló ṣìṣe. Ilé eré máa wà ní ṣíṣí, Lambert máa sùn sílé, ṣùgbọ́n Jerome kò gbọdọ̀ dúró sẹ́yìn aṣọ yẹn mọ́ láéláé.

"Èyí tó wà nínú ìwé, mo lè fi gègé pa á," ni ó sọ. "Èyí tó wà lórí yín ńkọ́, Bàbá? Báwo ni mo ṣe fẹ́ pa ìyẹn?"

Kò rí ọgbọ́n mìíràn dá sí i. Ó mú kí Jerome gbé ọwọ́ lé Bíbélì, kó búra pé kò ní sọ ìlà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà jáde mọ́ títí tó fi máa kú. Jerome búra. Anthony Sleath, alágbàṣe kan tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara, na ọwọ́ láti gba ìwé. Ó fà á. Jerome kò mọ̀ pé òun kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀," ni Anthony sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Thomasin ń ká ọrùn aṣọ kan nígbà tó wọlé. "Kí lo wá ṣe nílé nírú àkókò yìí? Ilé eré wó ni?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìjókòó. Nígbà tó dé ibi ojú, ó rò pé yóò bú òun. Thomasin gbé aṣọ sílẹ̀.

"Láti Kérésì?" ni ó béèrè. "Ojú ni? Jerome, mo rò pé o kò fẹ́ wò mí mọ́ ni."

Jerome Pask jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún. Kò tíì sunkún láti ọdún tí àwọn ọmọ kú. Ìyàwó rẹ̀ fa àga súnmọ́ ọn, ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lé ojú ara rẹ̀, wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí omi tó gbé kaná fi gbẹ.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún eré náà ṣe. Lambert ní kó gba ẹ̀yìn wọlé, kó wá jókòó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ̀. Ó san pẹ́nì kan bíi gbogbo èèyàn, ó dúró sí àgbàlá láàárín àwọn apẹja àti àwọn apẹran. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wà níwájú ìtàgé láti ọgbọ̀n ọdún nìyẹn, àwọ̀ lásán ló rí, pupa ń lọ, wúrà ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ sì ń bá wọn lọ.

Obìnrin kan fi ìgbúnwọ́ gún un. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ọba ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bínú, ìyá," ni Jerome sọ, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ogun yìí tó gẹ́ẹ́," ni ọba sọ. Lójú ẹsẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù dáhùn. Kò sí àlàfo kankan, ó dán bí ojú odò. Obìnrin náà ń fọ́ èso jẹ. Nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n yọ nǹkan. Jerome dúró síbẹ̀, ètè rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ó ń ka ìlà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà nínú ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò yára, kò sì fo ọ̀kan. Nígbà tó fi máa parí wọn, eré ti lọ síwájú, kò sì mọ ibi tí wọ́n dé mọ́.